Abẹ Kan Ṣoṣo fún Gbogbo Ilé

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ Alábẹ́rẹ́, wọn kò sì mọ onígbàjámọ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé wọ́n yọjú lójú fèrèsé wo inú ilé ọkùnrin náà kí wọ́n tó la ẹnu. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a máa lé olè kiri ìta nígbà tí olè jókòó sí pálọ̀ wa, tó nasẹ̀, tó ń bá wa ṣe àmín.

Ìbínú ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ló rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, nítorí mẹ́dọ̀wú, àrùn burúkú tí ń jẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, wọn a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kó má baà ní in. Ẹni tó bá ti ní in, wọn a mú un wọnú ìtọ́jú kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo òpópónà ń pè é, ó sì ti gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé kúlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun tó wà ní ìkángun òpópónà. Onígbàjámọ̀ ń fá irùngbọ̀n ọkùnrin kan lọ́wọ́. Ó fá a tán, ó ti abẹ bọ inú abọ́ omi kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó nù ún sára aṣọ èjìká rẹ̀, ló bá gbé e lé ìpàkọ́ ẹni tó kàn.

"Ẹ dáwọ́ dúró!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíjú. Onígbàjámọ̀ gan-an fò sókè díẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ náà. Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde yẹn ṣì wà lára abẹ tí ẹ fẹ́ fi fá ẹlòmíràn."

"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ẹ ò rí i pé mo fọ̀ ọ́ ni?"

"Nínú omi yẹn? Omi tí ẹ ti ń fọ abẹ sí láti ìgbà tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn? Ó dáa. Ẹ gbé e, ẹ mu ún."

Ẹni tó wà lórí àga bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ ẹ ti dé o. Èmi á kọ́kọ́ dìde ná, kí ẹ jà á tán."

Ṣùgbọ́n Alábẹ́rẹ́ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rí. Ó ti rí àwọn ọkùnrin tí kò tíì dàgbà, tí ikùn wọn wú bí àpò tí wọ́n rọ omi sí, tí ojú wọn pọ́n bí ìyeyè, tí ìyàwó wọn jókòó tì wọ́n tí wọn kò mọ ohun tó dé. Ó ti gbọ́ tí àwọn ẹbí ń ka orúkọ ọ̀tá. Ọ̀tá kọ́. Àìsàn tí abẹ́rẹ́ kékeré ì bá ti dí ọ̀nà mọ́ ni. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí i láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí inú sì ń bí i pé inú kò bí àwọn ẹlòmíràn.

Onígbàjámọ̀ wò ó. Ó gbé abẹ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu yín mú ju abẹ mi lọ."

"Ó mọ́ jù ú lọ pẹ̀lú."

Ibẹ̀ ni ọkàn ọkùnrin náà ti bọ́ sílẹ̀, tí kò tún rí i he mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká ná an," ó ní. "Bí mo bá jẹ́ kí ẹ gún mi, ẹ̀yin náà á jókòó kí n gẹ irun yín. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ mí ni?"

Irun kúkúrú ni Alábẹ́rẹ́ ń gẹ̀, ẹni tó sì ń bá a gẹ̀ ẹ́ kò mọ̀ ọ́n gẹ̀. Òun náà mọ̀.

"Pẹ̀lú bíléèdì tuntun tí èmi fúnra mi mú wá," ó dáhùn.

Ó gún ìka ọkùnrin náà, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó kán an sí ohun ìdánwò pẹlẹbẹ tó mú dání. Wọ́n dúró. Onígbàjámọ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ òun bá fi lè sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ kí Àǹtí ni. Alábẹ́rẹ́ bojú wo ọwọ́ rẹ̀. Ìlà kejì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí gún un lọ́kàn, kò sì mọ ìdí.

Ó pè é sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ìlà méjì ló yọ."

"Ṣé ó dára ni àbí kò dára?"

"Kò dára. Àrùn náà wà lára yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú, ẹ gbọ́? Ó ní ìtọ́jú."

Ohùn ọkùnrin náà yí padà. "Àǹtí, bí ikùn bàbá ẹni bá wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń bi ẹ̀jẹ̀ kó tó kú, ṣé ohun kan náà ni?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òun ni."

"Wọ́n ní májèlé ni." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ìyá mi ní àbúrò bàbá mi ló fún un jẹ."

Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Àbúrò bàbá yìí, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Olóúnjẹ, ń se oúnjẹ tà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù gan-an, òun ló sì ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, ìyá onígbàjámọ̀ gbé àga sí àárín ojú ọ̀nà, ó gun orí rẹ̀, ó sì kígbe fún gbogbo ayé pé, "Ẹ wo apànìyàn! Ẹ wo ìkòkò tó pa ọkọ mi!" Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ra oúnjẹ lọ́wọ́ Àǹtí Olóúnjẹ mọ́. Ó palẹ̀ mọ́. Aṣọ ló ń bá àwọn ènìyàn fọ̀ báyìí, ní òdìkejì ìlú.

Alábẹ́rẹ́ gbọ́ ọ tán, ó pa eyín keke. "Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́la," ó ní. "Bí ẹ ò bá wá, mo máa wá wọ́ yín jáde níbí lójú àwọn oníbàárà yín."

Ó wá. Dókítà tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un. Oògùn náà kì í lé kòkòrò ọ̀hún jáde pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ da abọ́ omi nù. Orí kan, bíléèdì kan, bó ti di nìyẹn. Àwọn oníbàárà kùn lákọ̀ọ́kọ́ pé ó ń ṣe fínnífínní jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi í yangàn fún àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Alábẹ́rẹ́ sì ń gbé orí rẹ̀ wá. Nígbà tí ọwọ́ ọkùnrin náà bá kan ìpàkọ́ rẹ̀, ìbínú tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ a máa jábọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irun. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Bó bá ti ń gẹ̀ ẹ́ ni yóò máa kì í, tí àwọn tó jókòó á máa hó:

"Alábẹ́rẹ́ mi, agúnni-kára-ó-le,
Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa ta bí ata,
Ọwọ́ rẹ̀ a máa tutù bí omi àmù.
Ó bínú tán, ó fi ẹ̀rín lé e;
Ó rẹ́rìn-ín tán, ìbínú ṣì kù nílẹ̀.
Ẹni tó sá fún un, ìlera ló sá fún.
Èmi ò sá o, ẹ bá mi dì í mú!"

"Mú ojú ẹ kúrò lójú mi, kí o wo etí tí o fẹ́ gé," ni Alábẹ́rẹ́ máa ń fèsì. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a dùn débi pé yóò gbàgbé láti gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà padà sílé.

Ìyá Alábẹ́rẹ́, obìnrin tí àdúrà kì í tán lẹ́nu rẹ̀, pè é jókòó lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ mi, àìsàn ọkùnrin yìí, ṣé kò ní ràn ọ́?"

"Màámi, mo ti gba àjẹsára tipẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, odi ti wà níbẹ̀. Àrùn náà kì í gba inú oúnjẹ ràn, kì í gba ara ìdìmọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn, àti ibùsùn, àti láti ara ìyá sí ọmọ lọ́jọ́ ìbí."

"Mo gbọ́. Ṣé ó ti sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Ó ní òun ti sọ."

"Ó ní." Ìyá rẹ̀ rọra mi orí. "Olúwa, Ìwọ tó rí inú, tó rí òde, dúró sí àárín 'ó ní' àti 'ó ti ṣe'."

Àdúrà náà gbà ju bí Alábẹ́rẹ́ ṣe fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ mú un lọ fi han ìyá rẹ̀, wọ́n bá ìyá náà lórí àpótí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú oyún tó ti sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò onígbàjámọ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ilé ìyá rẹ̀ ló sì fẹ́ bímọ sí. Ìyá di orí rẹ̀ mú, ó ń fá etí irun rẹ̀ pẹ̀lú abẹ onírin kan tí èkù rẹ̀ jẹ́ ìwo.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, kí n fá a tán. Ìyàwó ilé kì í já wọnú ilé bá orí àìfá."

Abẹ bàbá ni. Onígbàjámọ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún Alábẹ́rẹ́ rí bí ẹni sọ ìtàn adé. Bí bàbá bá ti fá gbogbo orí oníbàárà tán ní òpin ọ̀sẹ̀, abẹ náà ni yóò mú bọ̀ wálé láti fi fá ti ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, "Àjèjì abẹ kì í kan orí ọmọ ilé wa." Bàbá gbà pé ìfẹ́ ló ń ṣe. Abẹ tó ti kí gbogbo orí ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ti mu nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, òun ló ń pè ní ọmọ ilé.

Alábẹ́rẹ́ yíjú sí onígbàjámọ̀. Ilẹ̀ lọkùnrin náà ń wò. Nígbà náà ló mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

"Mà," ó ní, "ẹ dákun, ẹ má fi abẹ yẹn kàn án mọ́."

Ìyá gbójú sókè. "Kí ló ṣe é?"

"Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa wò kó tó bí. Fún mẹ́dọ̀wú."

"Nítorí kí ni? Kí lo rí lára ọmọ mi?"

Òfin iṣẹ́ Alábẹ́rẹ́ ni pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá sọ fún un, ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè tú u síta. Ó tún wo ọkùnrin náà.

"Ìfẹ́ mi, ṣé o ní ohun tí o fẹ́ bá ìyá wa sọ?"

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òun nìkan. "Kò sí nǹkan o, Ìyá. Ẹ ṣáà mọ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń ṣọ́ra jù."

Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí Alábẹ́rẹ́ láyà.

"Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀," ìyá ní. "Obìnrin abẹ́rẹ́, gbọ́. Nínú ilé yìí, àìsàn kọ́ ló ń pa wá, ènìyàn ni. Má fi oyún ọmọ mi wá iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ń wá àìsàn kiri, bí kò bá rí i lóde, a kó o wọlé ni."

Alábẹ́rẹ́ dìde. Ó kúnlẹ̀ kí i, nítorí ilé ire ló ti jáde, ó sì kọjá lọ. Onígbàjámọ̀ sáré tẹ̀ lé e, ó bá a ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe.

"Olólùfẹ́ mi, dúró, jọ̀ọ́."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! O fi mí ṣẹ̀sín lójú ìyá ẹ. Èmi ló ń ṣọ́ra jù? Èmi?"

"Kò yé ẹ ni. Bí mo bá sọ pé àìsàn ló pa bàbá mi, mo ti sọ pé ìyá mi parọ́ mọ́ Àǹtí Olóúnjẹ nìyẹn. Mo ti sọ ìyá mi di ìkà."

"Tí o ò bá wá sọ ọ́, kí ló jẹ́?"

Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti dì í mú, Alábẹ́rẹ́ sún sẹ́yìn.

"Gbọ́ mi dáadáa," Alábẹ́rẹ́ ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Òfin ló de ẹnu tèmi. Ojo ló de tìrẹ. Ọmọ kan ń bọ̀ nínú ilé yẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá ní àrùn yìí, ọjọ́ tí ọmọ bá délé ayé gan-an ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ojú bá tì yín tán. Ọmọ tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé títí ayé ni yóò máa gbé e kiri. Bó o ṣe ń gbé e. Bí bàbá ẹ ṣe gbé e wọ sàréè. O fẹ́ fi í sílẹ̀ ní ogún fún un nítorí pé o ò fẹ́ kí ìyá ẹ bínú?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Má ṣe báyìí."

"Èmi náà fẹ́ràn ẹ, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Má wá sílé wa títí wàá fi sọ ọ́."

Oníbàtà gbé òòlù rẹ̀ dúró sókè. Nígbà tí Alábẹ́rẹ́ lọ tán, ó wo onígbàjámọ̀ láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "bàtà tó ti là báyìí, ẹ má rò pé ẹnu ni wọ́n fi ń rán an o."

Alábẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó ń gún àwọn ènìyàn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń ké mọ́ àwọn tó ń sá. Onígbàjámọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Irun orí Alábẹ́rẹ́ hù, ó kún, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

"Ìbínú ẹ yìí," ìyá rẹ̀ bi í, "ṣé ti ẹni tó ti kọ ọkùnrin ni, àbí ti ẹni tó ń retí rẹ̀?"

"Méjèèjì, Màámi." Ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. "Ẹ̀rù àìsàn rẹ̀ ò bà mí mọ́. Ọkùnrin tí kò lè la ẹnu ni mò ń bẹ̀rù. Olúwa, tú ahọ́n rẹ̀, tàbí kí O tú ọkàn ọmọ mi kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì, Bàbá, kí O má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Ọjọ́ tí àwọn aboyún máa ń wá sí ilé ìwòsàn ni ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo bẹ́ńṣì àgbàlá kún. Alábẹ́rẹ́ ń tú kúlà rẹ̀ lórí tábìlì nígbà tó gbọ́ ohùn tó mọ̀. Onígbàjámọ̀ dúró lágbede méjì àgbàlá, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ìyá wọn ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ, ó ń sọ pé, "Kí lo fẹ́ fi han ayé? Kí lo fẹ́ fi han ayé?"

Ọkùnrin náà kò bu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lábùlà. "Ìyá, mo ní mẹ́dọ̀wú. Oògùn tí ẹ rí nínú agolo pọ́dà mi, tí mo ní oògùn orí fífọ́ ni, oògùn rẹ̀ ni. Òun ló pa bàbá mi. Àǹtí Olóúnjẹ ò pa ẹnikẹ́ni."

Ìyá fọ́ ọ létí. Gbogbo bẹ́ńṣì ní, "Háà!"

Kò fọwọ́ kan etí náà. "Mo ti lọ bá Àǹtí. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ọpọ́n aṣọ tó ń fọ̀. Ẹ mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Bí èyí tó kàn nínú yín bá kú, ta lẹ máa rí lé kúrò ládùúgbò? Nítorí èmi ti lọ.'"

Ìyá gbé ọwọ́ sókè láti tún gbá a. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò mọ ibi tí yóò bọ́ sí. Ó yíjú, ó rìn jáde ní àgbàlá.

Àbúrò onígbàjámọ̀ jókòó síwájú Alábẹ́rẹ́, ó na ọwọ́ rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. "Ẹ yẹ tèmi wò, Àǹtí."

Ìlà méjì ló yọ.

Alábẹ́rẹ́ kò wo onígbàjámọ̀. Ó ṣáà sọ bó ti ń palẹ̀ òwú mọ́ pé, "O pẹ́."

"Mo mọ̀."

"Inú mi ò tíì rọ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Irun ẹ ti kún."

"Kò kàn ọ́," ó ní. Ṣùgbọ́n ó rọ́nà fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbá náà, bóyá ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, bóyá kì í ṣe ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, kò sẹ́ni tó lè bi í.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ọmọ fi dé, ní òwúrọ̀, ọmọbìnrin, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá ìgbẹ̀bí. Alábẹ́rẹ́ gbé kúlà rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Ìyá onígbàjámọ̀ ló bá lórí bẹ́ńṣì, ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Onígbàjámọ̀ fara ti ògiri.

"Mà, ẹ kú oríire. Abẹ́rẹ́ ọmọ ti dé."

Ìyá gbá ọmọ mọ́ra. "Ọmọ tí kò tíì mọ ojú ìyá rẹ̀, abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ fi kí i káàbọ̀? Mi ò gbà."

Ìyá ọmọ dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ kò le. "Èmi gbà, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ má fà á gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ jẹ́ kó gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ fẹ́ pariwo. Ó rántí gbogbo wọ́ọ̀dù, gbogbo ikùn wíwú, gbogbo orúkọ ọ̀tá tí wọ́n kà. Onígbàjámọ̀ sún kúrò lára ògiri, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ dá a dúró. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà.

Wọ́n jókòó. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń gùn bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tó pẹ́, ìyá ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú aṣọ kékeré kan jáde, ó tú u. Abẹ onígẹrun ọkọ rẹ̀ ni. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.

"Ṣé èyí ló pa á?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Ó lè jẹ́ abẹ yìí. Ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti wà lára rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe oúnjẹ Àǹtí Olóúnjẹ."

"Mo gun orí àga kí ayé lè rí mi dáadáa."

"Ọmọ yín ti sọ fún mi."

"Oúnjẹ rẹ̀ ni mo jẹ nígbà tí mo bí ọmọkùnrin yẹn. Ó ń gbé e wá bá mi lórí ibùsùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù. O ò tiẹ̀ ní tù mí nínú?"

"Rárá, Mà. Inú ń bí mi sí yín. Àǹtí ló yẹ kí ẹ lọ tù nínú."

Ìyá yíjú wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ẹ̀rín kan tó korò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ yìí, o ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tan ìyá ọkọ."

"N kò mọ̀ ọ́n, Mà."

"Má kọ́ ọ. Àwọn tó ń tan ara wọn ti pọ̀ tó nílé wa, èmi sì ni olórí wọn."

Ó wo páálí pupa tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí, tó wà lẹ́sẹ̀ tábìlì. Ó na ọwọ́, ó sì ju abẹ náà sínú rẹ̀. Irin náà dún, ọmọ náà ta pẹ́ú lójú oorun. Onígbàjámọ̀ bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bí mo bá kúrò níbí, òdìkejì ìlú ni mò ń lọ," ìyá ní. "Bó bá lé mi, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lórí ilẹ̀. Kì í ṣe lórí àga."

Ó gbé ọmọ kúrò láyà rẹ̀, ó tú aṣọ funfun náà títí itan kékeré tó rọ̀ bí òwú fi yọ síta. Ó tẹ́ ọmọ lé ẹsẹ̀ Alábẹ́rẹ́.

"Ìyàwó mi," ó ní, "jọ̀ọ́, gún un."